Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀yìn Balùwẹ̀ Hùmúàní

Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, kò sí ilé tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà ní Ìdí-Àyùnrẹ́ bí ilé Hùmúàní. Abúlé náà wà láàárín Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, àlejò tí ọ̀kadà bá sì já sílẹ̀ lójú títì kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọn á ní kó máa wo ẹ̀yìn ilé lọ. Ibi tó bá ti rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ga ju òrùlé lọ lẹ́yìn balùwẹ̀, kó kan ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Ẹlẹ́lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Hùmúàní. Á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, á gé e wẹ́wẹ́, á sá a sórí páànù, á sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta nígbà tó bá gbẹ. Àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n má jẹ iyán mọ́ nítorí ìtọ̀ ṣúgà, láti Ayétòrò títí dé Ìlaròó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Toheebat, àbíkẹ́yìn rẹ̀, kò tíì fẹsẹ̀ rìn tí ọkọ Hùmúàní fi kú. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló fi sílẹ̀ fún un, Hùmúàní sì tọ́ wọn dàgbà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú òun lójú òun. Ẹnu rẹ̀ mú, àwọn ènìyàn sì máa ń gbọ́ tirẹ̀, pàápàá tó bá kan ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kódà Bàbá Akínladé, olórí abúlé, tí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wọn lọ, máa ń ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun wo tòun.

Àṣà kan wà nínú ilé wọn. Ìyàwó kì í lọ sílé ọkọ láìgbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dání láti ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ilé ọkọ ni yóò gbìn ín sí, kí omi ìwẹ̀ lè máa bọ́ ọ. Bó bá so, ìdì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá tó fúnni. Ìyá á sè é, á tọ́ ọ wò, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé ọmọ òun ti fìdí múlẹ̀ níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Hùmúàní ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá àgbà ṣe fún ìyá rẹ̀.

Hùmúàní wá fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Bó bá fẹ́ yan ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ìyàwó, kì í mú èyí tó ga, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó sì tẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ìyẹn dà bí ọ̀lẹ. Èyí tó kúrú, tó ki, tí gbogbo ewé rẹ̀ nà ṣánṣán sókè ló máa ń wá kiri inú ọgbà. Ó ní ó jọ ẹni tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè tó ń ṣe àdúà.

"Ohun tí yóò máa ṣe àdúà fún ọ lẹ́yìn ilé tọ̀sán-tòru nìyí," ló sọ fún Habeebah, àkọ́bí rẹ̀, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ohun kan náà ló sọ fún Àṣìkẹ́ nígbà tó fẹ́ ọmọ Bàbá Akínladé, àti fún Mọ́nsúrátù tó tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbé ìdì àkọ́kọ́ wá fún un nígbà tó yá. Hùmúàní sè é, ó jẹ ẹ́, ó sì pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá gbọ́. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá òun nìyí, pé kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ tí ènìyàn ti lè rí irú adùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa lẹ́rìn-ín jù ní abúlé ni Alfred. Ará Kétu ni, láti òdìkejì ẹnubodè. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti wá gba ilẹ̀ ní Ìdí-Àyùnrẹ́, tó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, tó sì ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata. Yorùbá rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, àfi bí Faransé bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Hùmúàní kì í ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tirẹ̀ kò lójú, pé omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Alfred á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ṣé, Màmá," á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti bọ́dà. Ọjọ́ kìíní, àwọn ènìyàn rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, àwọn aṣọ́bodè ti wà ní gbogbo oríta, ìrẹsì ti di ohun tí à ń wò lójú, epo ọ̀kadà sì di ohun tí ènìyàn ń fi ọ̀nà jíjìn wá. Ìyá Alfred wà ní Kétu, ara rẹ̀ kò sì yá. Alfred gba ọ̀nà inú igbó lọ wò ó lórí ọ̀kadà. Ìgbà tó ń bọ̀, ìyá rẹ̀ ní kó má padà lọ́wọ́ òfo, ó sì kó ogójì ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un láti ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ọ̀sán gangan ló kó wọn wọ abúlé, tó ń kí ẹni tó bá rí. Ó gbìn wọ́n sínú oko rẹ̀, ó sì bu omi sí wọn.

Òjò kò tíì dáwọ́ dúró tán tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bàbá Akínladé fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège. Àwọn tuntun kò ga mọ́. Ewé wọn tín-ín-rín, etí wọn pọ́n, gbogbo rẹ̀ sì dì pọ̀ sójú kan lórí bí ìgbálẹ̀. Bàbá ránṣẹ́ pe Hùmúàní. Ó rin oko náà láti ìkángun dé ìkángun, ó fọwọ́ kan ewé, ó fá èèpo, ó sì mi orí.

"Mi ò rí irú èyí rí nílẹ̀ yìí," ló wí lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹni tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé láti òdìkejì ni kẹ́ ẹ bi."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọ́n jókòó lábẹ́ àtíbàbà Bàbá Akínladé, wọ́n sì pinnu pé lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn ìrun, gbogbo ọkùnrin abúlé yóò gbé àdá, wọn yóò sì gé oko Alfred mọ́lẹ̀, àtèyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn àtèyí tó ti ń so. Alfred bẹ̀ wọ́n. Ó ní oko yẹn ni òun fi ń jẹun, pé bọ́dà tí wọ́n tì kò sì jẹ́ kí òun lè kó ìyàwó òun padà sílé. Wọn kò yí ìpinnu wọn padà. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ìkà, ẹ̀rù ń bà wọ́n ni, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn fojú sí lọ́dún yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ayétòrò, ó dé etí ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí lórí àrùn irè oko. Roheemat ni orúkọ rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà wá, ó gbé kúlà yìnyín sórí itan, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Akínladé, ó sì bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú ewé lọ yẹ̀ wò kí Jímọ̀ yẹn tó pé. Bí ẹ bá gé ti Alfred, tí àrùn náà sì wà níbòmíràn, ọdún tó ń bọ̀ ẹ tún máa gé."

Bàbá gbà. Roheemat gé ewé láti ibi méjìlá, ó rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá. Kò kọ orúkọ sí i, nọ́ńbà ló kọ, ó sì kọ nọ́ńbà oníkálùkù sórí bébà kékeré fún un. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ẹ̀yìn balùwẹ̀ Hùmúàní, màmá náà fa ewé fún un fúnra rẹ̀.

"Mú u, ọmọ mi. Kó o lè mọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi ṣe ń rí."

Nọ́ńbà keje ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó dì í mọ́ ìṣẹ́tí gèlè rẹ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ Rú ọ̀sẹ̀ kẹta náà, nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Roheemat padà dé, gbogbo abúlé sì pé jọ sí ojúde Bàbá Akínladé. Ó gbé ẹ̀rọ kan dání kí wọ́n lè rí i, ohun kékeré tí kò nípọn ju bíro méjì lọ, tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n sì wo ara wọn. Roheemat ní ohun gbogbo tó wà láàyè ló ní ìwé kan nínú ara, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀rọ yìí sì ni òun fi kà á. Ó ní nígbà tí òun ka ti inú ewé wọn, òun bá ìwé àlejò kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni. Ibi mẹ́rin ni òun ti bá a nínú méjìlá.

"Kò sí nínú oko Alfred," ló wí. "Mo wo ti àtijọ́, mo wo ti tuntun. Kò sí rárá."

Ariwo díẹ̀ sọ. Bàbá Akínladé gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀rọ lè ṣì í. Bí kì í bá ṣe ti Alfred, fi ibi tó ti wá hàn wá. Bí o kò bá rí i fi hàn, a ó ṣe ohun tá a ti sọ."

Roheemat mú ẹfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán sára ògiri. Ó ní ẹ rí fáírọ́ọ̀sì yìí, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń da nóòtù kọ ló rí. Bó bá ti ń da ara rẹ̀ kọ ló ń ṣi lẹ́tà kan kọ níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Èyí tó bá ti kúrò nílé pẹ́, àṣìkọ rẹ̀ á pọ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, àṣìkọ rẹ̀ á kéré. Ó fa ìlà kan sílẹ̀, ó kọ 7 sí ìdí rẹ̀. Ó ní ìyá gbogbo wọn nìyí. Ó ya ẹ̀ka mẹ́ta sára rẹ̀. Nọ́ńbà 2 ló kọ́kọ́ kúrò nílé. Nọ́ńbà 4 tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà 9 ló kẹ́yìn.

"Mẹ́rin ni tèmi," Bàbá Akínladé wí, ó sì gbé bébà rẹ̀ sókè. "Ta ló ni keje?"

Roheemat ní òun kò ní sọ, pé ẹni tó bá wù ú ló lè sọ tirẹ̀.

Hùmúàní fọwọ́ kan ìṣẹ́tí gèlè rẹ̀. Kò ní láti tú u. Habeebah jókòó tì í, bébà tirẹ̀ sì wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀: 2. Oko Bàbá Akínladé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ Àṣìkẹ́. Mọ́nsúrátù ló fẹ́ ọkọ kẹ́yìn nínú wọn. Hùmúàní wo ara ògiri, kò sì rí ìlà ẹfun mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń rí, bí wọ́n ṣe jáde nílé tẹ̀léra wọn, pẹ̀lú aṣọ funfun, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́.

Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Ó mọ̀ pé yàtọ̀ sí Roheemat, kò sí ẹni tó mọ nọ́ńbà òun, Roheemat kò sì mọ ohun tí ìlà yẹn túmọ̀ sí. Bí òun bá dákẹ́, Jímọ̀ yóò pé, wọn yóò gé oko Alfred, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá òun yóò sì wà níbi tó wà. Alfred wà lórí ìdúró lẹ́yìn àwọn ènìyàn, ó di fìlà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ mi," Hùmúàní pe Roheemat. "Bí nǹkan yìí bá wà lára ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, báwo ni ewé rẹ̀ ṣe máa ń rí?"

"Á kúrú, Màmá. Ewé rẹ̀ kò ní tẹ̀ sílẹ̀. Á nà ṣánṣán sókè. Irú rẹ̀ kì í sì í so, bí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ tilẹ̀ ń so."

Hùmúàní dìde dúró. Ó tú bébà náà kúrò létí gèlè, ó nà án sí Bàbá Akínladé.

"Èmi ni mo ni keje," ló wí. "Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo gbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Habeebah. Alfred kò tíì dé abúlé yìí nígbà náà. Èmi ni mo gbé e fún Àṣìkẹ́ tó gbé e wá sílé yín, Bàbá. Èyí tí ewé rẹ̀ nà sókè ni mo máa ń yàn. Mo ní ó ń ṣe àdúà. Lẹ́yìn ilé mi, àdúà ni mo pè é. Ìgbà tí mo rí i lóko yín ni mo tó pè é ní àrùn, tí mo sì ní Alfred ló kó o wá. Mo purọ́ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀."

Hùmúàní sì yíjú sí Roheemat, nítorí pé ohun kan ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Ṣùgbọ́n o ní kì í so. Tiwọn so. Ìdì mẹ́ta ni mo fi ẹnu mi jẹ."

Habeebah bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

"Kò so, Màmá," ló wí. "Mo dúró ọdún kan, mo dúró ọdún kejì. Èmi náà kò tíì lóyún nígbà yẹn. Mo rò pé bí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi kò so, ẹ ó máa ro èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo bá lọ rà á. Nígbà tó kan Àṣìkẹ́, èmi ni mo fi ibi tí yóò ti rà á hàn án. Mọ́nsúrátù náà."

"Lọ́wọ́ ta?"

Habeebah wo ẹ̀yìn. Gbogbo wọn sì wo ẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀.

Alfred tún fìlà rẹ̀ dì mú. Bàbá Akínladé bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ojú rẹ̀ rí, pẹ̀lú bí Hùmúàní ṣe ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò lójú.

"Ọ̀rọ̀ ọmọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ni, Bàbá," Alfred wí. "Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn púpọ̀. Hùmúàní kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn gba àárín wọn kọjá títí tó fi dé iwájú Alfred, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Alfred yára dì í lápá mú, nítorí kò sí bí obìnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ṣe máa kúnlẹ̀ fún un lójú abúlé. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ èwo nínú wọn ló gbé ìkejì ró.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé àdá bí wọ́n ṣe sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Roheemat ní bí ènìyàn bá gé e lásán, yóò tún hù, àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ewé mu yóò sì gbé e lọ sí oko mìíràn. Ó ní kí wọ́n hú u tìdítìdí, kí wọ́n dáná sun ún. Hùmúàní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, látìgbà tí oòrùn ti kúrò lókè títí di ìrun àṣálẹ́. Nígbà tó kù ẹyọ kan, èyí tí ìyá rẹ̀ gbé fún un wá sílé ọkọ, ó gbé àdá sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gé e.

Ìgbéyàwó Toheebat bọ́ sí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá rẹ̀ ti di eérú. Toheebat ní kò burú, pé òun á lọ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó náà, Hùmúàní wọ aṣọ rẹ̀ tó dára, ó lọ sí oko Alfred, ó sì dúró létí ibẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan yá.

"Mo wá tọrọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan," ló wí. "Bá mi yàn án. Mi ò mọ̀ ọ́n yàn."

Alfred hú ọ̀kan nínú ogójì tó kó wá láti Kétu. Ó ga, ewé rẹ̀ fẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀lẹ. Hùmúàní gbé e fún Toheebat lójú àwọn àlejò. Nígbà tí wọ́n bi í pé ti ta nìyí, ó sọ fún wọn.

Àrùn kòrónà dé lọ́dún náà, ó sé ọ̀nà mọ́ ẹni tí bọ́dà kò tíì sé e mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Toheebat kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ga, ó pa ọmọ, ó sì so. Nínú oṣù kejìlá, ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọba kéde pé àwọn ti ṣí ẹnubodè díẹ̀, Toheebat gbé ìdì kan wá sílé, ó ń mí hẹlẹ, nítorí ó wúwo ju gbogbo èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wá rí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó dúró kó gbé ìkòkò kaná.

Hùmúàní wò ó pẹ́. Ó fọwọ́ rà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣù òṣùká, ó ní kí Toheebat bá òun gbé e rù.

Alfred wà lójúde rẹ̀, ó ń di ẹrù sẹ́yìn ọ̀kadà. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ó rí Hùmúàní tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, ó sáré lọ sọ̀ ọ́ fún un, ó ní, "Màmá, tiyín kọ́ ni? Ìyá ìyàwó ló ni ìdì àkọ́kọ́."

"Ìyá tó fúnni ló ni ín," Hùmúàní wí. Ó tú okùn ẹrù náà, ó ń wá àyè fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn àpò. "Dè é kó le. Bó o bá dé Kétu, gbé e fún ìyá rẹ. Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ níbi tó wà."